Àwo Àna Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ráímì, gbé ọwọ́ kúrò níkùn. Àbí o rò pé n kò rí ọ ni? Lóòótọ́ ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, mi ò lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ àyà rẹ̀ báyìí, tó ń díbọ́n bí ẹni tó ń tún bọ́tìnnì ẹ̀wù ṣe, mo máa ń rí i. Ọkọ mi, bàbá bàbá rẹ, ló fi ìyẹn kọ́ mi. Ẹ̀yin yòókù, ẹ pa fóònù yín, ẹ sún mọ́bí. Iyán kò tíì délẹ̀, ẹ ṣì ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Kí ó tó délẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ ikùn.

Ìró odó yẹn gan-an ti yàtọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọge ní Kambolé yìí, bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, agbára káká ni ẹ fi máa rí agboolé tí kò ní gún iyán. Odó kan á dún níhìn-ín, òmíràn á dá a lóhùn lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ti oko bọ̀ á sì ti mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé oúnjẹ ń dúró de òun. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àdúgbò Kouloundè, tí ẹ ń fi alùpùpù gbé èrò kiri Sokodé, sìpàgẹ́tì lẹ ń jẹ lórí ìdúró láàárọ̀, ẹ ó tún máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Bó bá di ọ̀sán, ẹ ò ní jẹ nǹkan kan. Bó bá di alẹ́, ẹ ó wá jẹ ti ọ̀sán mọ́ ti alẹ́. Ikùn kì í ṣe àpò, ẹ̀yin ọmọ mi.

Mi ò sọ pé tiwa dára jù o. Láyé ìgbà yẹn, inú rírun ní àsìkò, bí oko ṣe ní àsìkò. Bí máńgòrò bá so, tí kò tíì pọ́n, àwa ọmọdé á fi iyọ̀ jẹ ẹ́ lórí igi, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti ká jọ sórí ẹní. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá gbá ìdọ̀tí lọ sínú odò tí a ń pọn, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn, nítorí kò sí ẹ̀rọ omi nígbà náà. Bí iṣu tuntun bá jáde, ọ̀kánjúwà á kó bá àwọn àgbàlagbà pàápàá, torí ẹni tó ti ń jẹ èlùbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró nídìí iyán tuntun. Ẹ̀wà tí kò jinná dáadáa á fi afẹ́fẹ́ kún ènìyàn nínú. Aràn sì ń bẹ lára ọ̀pọ̀ wa, nítorí ọwọ́ tí a fi ń ṣeré nínú erùpẹ̀ náà la fi ń jẹun.

Ìyá mi ní ohun tó ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Efinrin ló máa ń gbo sínú omi, tí á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, bí inú bá ń kùn. Atalẹ̀ tí a sè ni fún afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, á se ewé gúáfà, á tún fi iyọ̀ àti ṣúgà po omi tó ti hó tó ti tutù, á máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀ kí ara rẹ̀ má baà gbẹ. Hóró elégédé ló ń lọ̀ fún aràn. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, a ó lọ sọ́dọ̀ ààlùfáà, á kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, á fi omi ṣan án sínú igbá, a ó sì mu ún. Omi yẹn máa ń rùn bí èéfín. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá á dúpẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá á ní kí wọ́n tún un kọ.

Àbúrò mi ọkùnrin kan wà, inú máa ń run ún ní gbogbo òwúrọ̀ tí a bá fẹ́ lọ sí ilé kéwú. Bàbá mi wò ó, wò ó. Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n gbo ewúro fún un, kí wọ́n má fọ̀ ọ́ rárá. Ọmọ náà kò tíì mu ún dé ìdajì tó fi gbé wàláà rẹ̀, tó bẹ́ jáde. Inú kò run ún mọ́ títí tó fi parí kéwú. A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ni ìṣòro tó wá bá wa lẹ́yìn ọ̀la, nítorí láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní inú ń run òun, bàbá mi á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo olè. Lójú tirẹ̀, ọ̀lẹ ni inú máa ń run.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi yìí ni Sàlíù, ọkọ mi, ti wá tọrọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó sínú àpò ìwé gbé ìyàwó, ẹ ò mọ ọ̀wẹ̀. Nígbà tiwa, ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ ènìyàn á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ sí oko bàbá ìyàwó, wọ́n á kọ ebè iṣu fún un. Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ló máa wà níwájú. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́, ọkọ́ á máa wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orin á máa lọ, eruku á bo gbogbo wọn títí ẹ ò ní mọ ọmọ ta ni ta ni. Ìyá ìyàwó á wá gbé àwo àna jáde lẹ́yìn iṣẹ́. Ọkọ ìyàwó nìkan ni wọ́n ń gbé àwo yẹn fún. Iyán á ga nínú rẹ̀, ọbẹ̀ á sì pọ́n fún ata, torí wọ́n ní ata ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin tí yóò lè farada ọ̀rọ̀ àna. Àwo yẹn kò gbọdọ̀ padà sílé pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Bí òkèlè kan bá kù, wọ́n á ní ó ti kọ ọmọ náà nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a fọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí a ṣe ọ̀wẹ̀ tèmi lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn ìròyìn dé pé ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ láti Lomé, pé kí gbogbo ọ̀dọ́ lọ sí Sokodé lọ́gán tí ọdún bá ti parí, kí wọ́n lọ kọ́ ijó àti orin tí wọ́n máa fi pàdé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ layé ṣe rí. Aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, orin ìyìn kan ṣoṣo ló wà, ẹni tí kò bá sì jó, wọ́n á wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó ti ibẹ̀ dé, òjò á ti lọ, ilẹ̀ á ti le bí àpáta. Bàbá mi ní, "Ẹ wá ṣe é nínú ààwẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè fi ẹnu gbígbẹ kọ ebè, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ mi?"

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹlòmíràn wà nílẹ̀. Télọ̀ kan ní Sokodé ti ń ránṣẹ́ sí i, ó sì máa ń kó wàrà àti aṣọ wá kí i. Bàbá mi fẹ́ràn Sàlíù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn wàrà náà.

Ìdájí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn sààrì. Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n sinmi lábẹ́ igi, wọ́n sì tún dìde lẹ́yìn ìrun Àṣárì. Èmi ni mo ń gbé omi àlùwàlá lọ fún wọn. Mo rí i pé Sàlíù kò sí láàárín wọn. Mo yí igi emi ńlá kan tó ń so èso òrí ká, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ìdí ọkọ́ ti abẹ́ àyà rẹ̀, ó gbára lé e pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ó ti bì síwájú rẹ̀. Ohun tó bì dúdú bí omi tí a fi fọ ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan. Oòrùn ni."

Mo ní, "Oòrùn kì í mú ènìyàn bì dúdú."

Ó wá jókòó. Ó ní ó ti pẹ́ tí nǹkan náà ti ń jẹ òun nínú, pàápàá bí ebi bá ń pa òun. Bó bá jẹun díẹ̀ á dáwọ́ dúró, á tún padà. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó fi kọ̀ǹpìrìmé funfun, oògùn oníhóró, hàn mí, irú èyí tí àwọn tó ń gbé àtẹ kiri ń tà lọ́jà Tchamba fún ara ríro. Ó ní ní gbogbo sààrì lòun ń gbé e mì kí òun lè gba ààwẹ̀ dọ́jọ́ kejì. Kọ̀ǹpìrìmé yẹn ló ń bá ààrùn náà ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àwa ò mọ̀.

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Kò tíì dì mí lọ́wọ́ mú rí. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí bàbá rẹ bá gbọ́ pé aláìsàn ni mí, télọ̀ yẹn ló máa fẹ́ ọ. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Mo ní, "Bí ẹ bá kú ńkọ́, ta ló máa fẹ́ mi? Télọ̀ yẹn náà ṣì ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tún dùn ún. Ó dìde, ó padà sídìí ebè. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ́tù omi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí ju bó ti bà mí rí lọ láyé mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo pàdánù rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ó lè kú sí mi lójú. Àwo àna sì ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni mo gún iyán inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì rí iye ata tí ìyá mi lọ̀ sí ọbẹ̀.

Ládánì pèrun. Létí oko níbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti fi omi ṣínu, wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n kírun. Ẹ̀kọ náà tu Sàlíù lára díẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìyá mi gbé àwo náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ṣí ọmọrí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá mi jókòó lórí ẹní níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Gbogbo ojú wà lára àna. Sàlíù ṣe bísímílà, ó bu òkèlè, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀, ó sì dá a dúró lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó tí wọn kò tíì gbé kì í jẹun lójú ẹbí ọkọ. Ojú ilẹ̀ ló yẹ kó máa wò. Èmi rìn kọjá láàárín wọn, mo kúnlẹ̀, mo gba òkèlè náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sẹ́nu. Mo wá fa àwo náà sọ́dọ̀ ara mi. Ibi tí mo bá a dé, bí mo ti ń jẹ lomi ń dà lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni imú mi náà ń ṣe tirẹ̀.

Ìyá mi kígbe. Bàbá mi dìde, ó ní, "Ṣé orí ọmọ yìí pé? Ta ló ṣe èyí sí mi?"

Ẹnu mi kún. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi fi ìka nu ìdí àwo náà. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ máa bínú sí mi lọ́la. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ló ń bì lẹ́yìn igi. Bó bá jẹ ata yìí, òkú lẹ máa fi ṣe àna."

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tẹ ọ̀pá wá síbẹ̀. Ó gbé àwo náà, ó yí i padà, ó tún un yí. Ó ní, "Àwọn tó fi àṣà yìí lélẹ̀ ní kí àwo padà sílé lófìfo. Mo wò ó, ó ṣófo. Wọn ò sọ ẹnu tó máa sọ ọ́ dófìfo fún mi."

Bàbá mi wo Sàlíù tó ti dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀. Ó wá gbé ojú lọ sí oko, níbi tí ebè ti tò lọ tààrà títí dé ẹ̀bá igbó. Ó ní, "Ẹni tó fi inú rírun kọ irú ebè báyìí, bí ara rẹ̀ bá yá, kí ni yóò kọ?" Ó yíjú sí àwọn ọmọkùnrin náà: "Ẹ sáré lọ dá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu lọ sí Sokodé dúró. Ẹ ní èmi ni mo ní kó dúró."

Orí iṣu ni wọ́n gbé e sí. Èmi kò bá wọn lọ, wọn ò gbà. Ẹ béèrè ìdí tí mi ò fi sunkún mọ́. Ata ìyá mi kò jẹ́ kí n ráyè ẹkún. Ikùn tèmi náà dá ìjà sílẹ̀, Ìyá Àgbà ń se ewé gúáfà fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín mi bó ti ń bù ú. Ó ní, "Mu ún, ìyàwó olóko."

Ní ọ̀pítà Sokodé, dókítà sọ fún un pé ọgbẹ́ ti wà nínú àpò oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní ata kọ́ ló dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ata ń ta á. Kọ̀ǹpìrìmé ara ríro yẹn ló ń gbẹ́ ẹ jinlẹ̀. Lóde òní wọ́n tún ní kòkòrò kan tí ojú kì í rí wà nídìí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, oògùn sì wà tó ń pa á. Wọn kò mọ ìyẹn nígbà náà, ìtọ́jú tí wọ́n ní ni wọ́n fún un, Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé efinrin dára, atalẹ̀ dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ènìyàn bá bi ẹ̀jẹ̀, tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tàbí ikùn rẹ̀ le bí pákó tí ibà sì mú un, ẹ má ṣe fún un ní oògùn ìgbẹ́, ẹ má ṣe gbo ewé kankan. Ọ̀pítà ni.

Ohun tó dun ọkọ mi jù ni ààwẹ̀. Ààlùfáà wá bá a níbùsùn, ó ní Ọlọ́run kò fi dandan mú aláìsàn, kó máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Ọkùnrin tí kò sunkún nídìí ebè sunkún lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a fẹ́ra, bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, mo máa ń fi aṣọ ta ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kó lè mu ẹ̀kọ rẹ̀ níbẹ̀ láìsí ojú ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ń gbààwẹ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n óò máa ṣa ewébẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa rò pé nítorí eṣinṣin ni aṣọ náà.

Ọ̀wẹ̀ ti lọ báyìí. Oògùn ni wọ́n ń fọ́n sí koríko, ẹ̀rọ ń túlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin wa sì wà lórí alùpùpù ní Sokodé. Mi ò bínú sí ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ẹ̀sín tó fẹ́ pa ọkọ mi yẹn bá ọ̀wẹ̀ lọ ni, ǹ bá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó kù, Ráímì. Ọ̀túnla lo máa lọ kí àwọn àna rẹ, mo sì rí kọ̀ǹpìrìmé tó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ nígbà tí o bọ́ ọ fún fífọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Ní ọdún tí ọkọ mi fi wá sílẹ̀, tí ogbó ti dé sí i, àwa méjèèjì jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. Wọ́n ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, bí wọ́n ti ń gún un yìí. Ó dédé ní, "Ìyá Mùsá, ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn, báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Mi ò nílò láti béèrè ọjọ́ wo. Mo ní, "Iyọ̀ já a. Ìyá mi fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ náà jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò pàdánù nǹkan kan nìyẹn."

Irọ́ ni mo pa fún un, ẹ̀yin ọmọ. Ìyá mi kò se ọbẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ó dáa, ìró odó ti dákẹ́. Wọ́n ti ń gbé e bọ̀. Ráímì, ẹ̀kọ tìrẹ wà lórí ààrò, mo ti ní kí wọ́n má fi atalẹ̀ sí i. Lọ́la ìwọ àti bàbá rẹ á lọ sí ọ̀pítà, kí o tó lọ sọ́dọ̀ àna ẹnikẹ́ni. Ọmọ, má wo ojú àwọn tó kù. Gbé àwo iyán rẹ wá síbí. Eyín mi ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì lè jẹ ẹ́ tán.